Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ọmọ ní Ọjà Tí Kò Lẹ́nu Ọ̀nà? Àgbéyẹ̀wò Ìdáàbòbò Àwọn Ọmọdé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí àwọn àgbà wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ọjà tí ó lẹ́nu ọ̀nà, tí ó ní ọjọ́ tí a ń ná an, tí ìyálọ́jà ibẹ̀ sì lè tọ́ka sí ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ó dárúkọ baba rẹ̀, ni wọ́n ní lọ́kàn. Kò sí nínú èrò wọn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ yóò dùbúlẹ̀ lórí ẹní nínú yàrá ìyá rẹ̀, tí àtùpà yóò ti kú, tí gbogbo agboolé yóò ti sùn fọnfọn, tí ọmọ náà yóò sì wà láàrin ọjà kan tí ó tóbi ju gbogbo ọjà tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ná láyé lọ, láìsí àgbà kan nítòsí tí yóò bá a tún orí rẹ̀ ṣe. Ọjà yìí ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè tí ó sì ti ń fa awuyewuye láti nǹkan bí 30 ọdún sẹ́yìn, láàrin àwọn òbí, àwọn aṣòfin, àwọn oníléeṣẹ́ ẹ̀rọ àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí àwọn ará wa ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní ONG, ni pé ta ni yóò ṣọ́ ọmọ níbẹ̀.

Alafiarou ni a ó ti dúró wo ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ọ̀kan nínú àgbègbè 7 tí ó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Tchaourou ní ẹ̀ka Borgou ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Nàgó, Ìbàrìbá àti Fúlàní ti ń gbé pọ̀, tí oko iṣu, kajú àti òwú ń bọ́ ilé, tí ìjọba ìbílẹ̀ náà sì bá Nàìjíríà pààlà ní ìlà-oòrùn. Ìdí tí a fi yan ibẹ̀ ni pé àwọn ìlú ńlá tí agbẹjọ́rò, ọlọ́pàá àti onímọ̀ ẹ̀rọ kún fọ́fọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìdáhùn tí a ó yẹ̀ wò yìí ti hù jáde, ó sì yẹ kí a mọ èwo nínú wọn ni yóò ta gbòǹgbò nínú ilẹ̀ mìíràn. Òṣùwọ̀n kan náà ni a ó fi wọn gbogbo wọn: bí aburú bá bá ọmọ lórí fóònù, etí ta ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ sí, ǹjẹ́ ẹni tí ó ni etí yẹn sì lè ràn án lọ́wọ́?

Ewu tí à ń sọ

Oríṣiríṣi ni ewu náà, àìyà wọ́n sọ́tọ̀ sì ti ba ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn jẹ́. Àgbàlagbà wà tí ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ọmọ díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi ya àwòrán ìhòòhò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọmọ kí wọ́n lè gba owó, tàbí kí wọ́n lè gba àwòrán mìíràn sí i. Àwọn ojúgbà wà tí ń fi ọmọ ẹgbẹ́ wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp títí ilé-ìwé yóò fi sú u. Fídíò tí kò yẹ ojú ọmọdé sì wà lọ́pọ̀ yanturu. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọ̀kan tí àwọn ará òkèèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ kà mọ́ ọn: ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ ti di ọdẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní ọmọ Yahoo ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì ń pè ní gayman ní Bẹ̀nẹ̀. Òfin Bẹ̀nẹ̀ ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún 16 tí ń lu jìbìtì lórí fóònù jẹ́ ọ̀daràn, ó sì tún jẹ́ ọmọ tí ìdáàbòbò tọ́ sí. A ó rí i pé èyí ni kókó tí ó ń yọ gbogbo wọn lẹ́nu.

Àwọn tí wọ́n ní ilé ni odi

Ìmọ̀ tí ó pẹ́ jù láàrin wa nìyí. Ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ohun tí ìyá kò rí, ìyá àgbà a rí i. Ohun tí ìyá àgbà kò gbọ́, ará ilé kejì a gbọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n di ìmọ̀ yìí mú ní kí a má ṣe fi fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kí ojú rẹ̀ tó là, kí fóònù ilé máa sùn ní yàrá àgbà, kí ọmọ máa wò ó ní gbangba àgbàlá. Agbára ìmọ̀ náà pọ̀: kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, èdè tí ọmọ fi ń lá àlá ni a fi ń ṣe é, etí rẹ̀ sì wà nítòsí tọ̀sán-tòru.

Àlébù rẹ̀ kò kéré. Fóònù ti yí ìjókòó ilé padà: ọmọ ni ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ fún baba, ọmọ ni ó ń bá ìyá fi owó ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ, àgbà tí ó sì ń fi ọmọ ṣe ojú kò lè fi ojú kan náà ṣọ́ ọmọ. Ọ̀rọ̀ kejì wúwo ju èyí lọ. Ìwádìí tí a ń pè ní Disrupting Harm, tí ẹgbẹ́ ECPAT, INTERPOL àti ẹ̀ka ìwádìí UNICEF pawọ́ pọ̀ ṣe ní orílẹ̀-èdè 13 ní Áfíríkà àti Éṣíà, fi hàn pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ń ṣe ọmọ ní aburú lórí fóònù jẹ́ ẹni tí ọmọ náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ nìkan. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bí ó bá sì ti jẹ́ àbúrò baba ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀, igba ènìyàn tí ń wo ọmọ lè di igba ẹnu tí ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a bo àṣírí ilé. Ìtìjú, èyí tí í ṣe ọ̀kan nínú ohun tí ó dára jù tí àwọn baba wa fi tọ́ wa, ni ó ń di ọmọ lẹ́nu níhìn-ín. Mo kà á sí ìṣòro tí ó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò sí òfin tí a lè fi mú un.

Àwọn tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé òfin

Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò káwọ́ gbera lórí òfin. Ìwé òfin ọmọdé, nọ́ńbà 2015-08, jáde ní 2015. Ìwé òfin ayélujára, nọ́ńbà 2017-20, tí a kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2018, tẹ̀ lé e pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka tí ó fi ẹ̀wọ̀n dúró de ẹni tí ó bá ṣe àwòrán ìbálòpọ̀ ọmọdé, ẹni tí ó bá pín in, ẹni tí ó bá tọ́jú rẹ̀ pamọ́, àti ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ tan ọmọdé fún ìbálòpọ̀. Nàìjíríà ti ṣe tirẹ̀ ní 2015, nínú èyí tí ẹni tí ó bá ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè fẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura, kí ó sì tún san 20 mílíọ̀nù náírà. Gánà ṣe tirẹ̀ ní 2020, ó sì dárúkọ ìhàlẹ̀ fífi àwòrán ìhòòhò gbowó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀. Ní ti gbogbo Áfíríkà, ìwé àdéhùn Malabo lórí ààbò ayélujára ni a fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà 2014, ṣùgbọ́n kò di ohun tí ń ṣiṣẹ́ títí di oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí orílẹ̀-èdè 15 tí ó nílò ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí a kọ ìwé náà ti ń dá fóònù tẹ̀ kí ìwé tó dìde.

Ohun rere tí òfin ṣe ni pé ó fún ìwà náà lórúkọ. Ohun tí kò lórúkọ, a kì í lè ké e síta. Kí òfin tó dé, àgbà tí ó gba àwòrán lọ́wọ́ ọmọ lè wí pé eré ni, kí ọ̀rọ̀ sì parí sí ìdí igi pẹ̀lú ìgò ọtí kan. Òfin sì ń gba ọmọ tí ilé ti dà, èyí tí ìmọ̀ àkọ́kọ́ kò lè ṣe.

Ìṣòro rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ti ọ̀nà jíjìn. Kútọnu ni ilé iṣẹ́ àwọn ọlọ́pàá tí ń tọ́pa ọ̀daràn orí ẹ̀rọ wà, ìyẹn OCRC tí CNIN ti wá gba ipò rẹ̀. Àjàṣẹ́ ni CRIET wà, ilé-ẹjọ́ tí a dá sílẹ̀ ní 2018 tí ó sì ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹjọ́ jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti Alafiarou dé Àjàṣẹ́, ó lé ní 300 kìlómítà lójú títì. Ìṣòro kejì ni pé òfin tí a gbẹ́ fún ìkookò lè há àgùntàn: ẹ̀ka 550 nínú ìwé òfin ayélujára kan náà ni a fi dá ẹjọ́ ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún akọ̀ròyìn kan ní oṣù Kejìlá 2019, kí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dín in kù, láti ìgbà náà ni àwọn tí ń jà fún òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ sì ti ń fura sí gbogbo àfikún agbára tí a bá ní kí a fún ìjọba nítorí àwọn ọmọdé. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó di gayman. Ìwé òfin ọmọdé ní kí a tún un ṣe. Ìwé òfin ayélujára ní kí a fìyà jẹ ẹ́. Méjèèjì ni òfin ilẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ tí kò wá èrè

Ìmọ̀ yìí ni ó ń sọ pé láàrin ilé tí ń bo àṣírí àti ọlọ́pàá tí ń dẹ́rù ba ọmọ, ó yẹ kí etí kẹta wà, etí tí kì í ṣe ti baba, tí kì í ṣe ti ìjọba, tí kò sì ní ọjà kan láti tà. Ìtàn rẹ̀ gùn. Ní Amẹ́ríkà, NCMEC bẹ̀rẹ̀ ní 1984 nítorí àwọn ọmọ tí ń sọnù, ó sì ṣí ojú ọ̀nà ìfisùn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1998. ECPAT bẹ̀rẹ̀ ní Thailand ní 1990, nígbà tí àwọn kan kò lè dákẹ́ mọ́ lórí àwọn arìnrìn-àjò tí ń fi owó ra ọmọdé ní Éṣíà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, IWF, tí ń gba ìfisùn àwòrán ìlòkulò ọmọdé, fìdí múlẹ̀ ní 1996. Ní 1999 àwọn nọ́ńbà ìfisùn onírúurú ilẹ̀ so ara wọn pọ̀ sí abẹ́ INHOPE. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, Child Online Africa wà ní Gánà, tí ó ń bá àwọn ìjọba àti àwọn ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Cece Yara Foundation wà ní Èkó láti 2016 pẹ̀lú nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún ọmọ tí a bá ṣe ní ìṣekúṣe. Tógò ní 1011, Bẹ̀nẹ̀ sì ní 138, tí ọmọ lè pè láìsan owó.

Ẹ̀rí wà pé iṣẹ́ wọn ń so èso. Nígbà tí IWF bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 àwòrán ìlòkulò ọmọdé tí a fi tó wọn létí ni ó wà lórí ẹ̀rọ tí a gbé kalẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2003 ni kò ti tó ìdá 1 mọ́. Ẹni tí yóò bá sọ òtítọ́ yóò fi kún un pé èéfín tí a lé jáde nínú yàrá kan, yàrá kejì ni yóò wọ̀: àwọn àwòrán náà kò parẹ́ láyé, wọ́n kó lọ sí orílẹ̀-èdè tí kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Níbi tí ìmọ̀ yìí ti rọ ni pé owó rẹ̀ ti òkèèrè ń wá, ó sì ń wá pẹ̀lú ọjọ́ orí: ọdún 2, ọdún 3, kí iṣẹ́ sì parí ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn ìlú etíkun ni ó sì ń jẹ nínú rẹ̀ jù. Ní Alafiarou, nọ́ńbà ìpè yóò wúlò bí ẹni tí ó gbé e bá gbọ́ Nàgó, Bàrìbá àti Fúlàní, tí ó sì mọ̀ pé ọmọ tí ó wí pé «wọ́n bà mí lójú jẹ́» lè máa sọ nípa àwòrán, kí ó má jẹ́ nípa èébú lásán. Etí nìkan kò sì tó. Nọ́ńbà tí ó gbọ́ láìní ẹsẹ̀ tí yóò rìn dé agboolé, àgbá òfìfo ni. Bẹ̀nẹ̀ ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀: ilé iṣẹ́ àánú ìjọba tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí a ń pè ní CPS tẹ́lẹ̀, tí a sì sọ di GUPS. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ aláàánú tí ó bá fẹ́ ṣe ọmọ Tchaourou lóore yóò kọ́kọ́ so nọ́ńbà mọ́ ilé iṣẹ́ yìí kí ó tó tẹ ìwé ìléwọ́ ẹyọ kan jáde.

Àwọn tí wọ́n ní kí ẹ̀rọ ṣọ́ ẹ̀rọ

Ẹni tí ó kọ́ ọjà ni ó yẹ kí ó fi ọdẹ sí i, ni àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹrin wí. Láti 2009, Microsoft àti ọ̀jọ̀gbọ́n Hany Farid ti ṣe PhotoDNA, èyí tí ó ń gba ìtẹ̀ka àwòrán burúkú kan sílẹ̀ kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀ níbikíbi tí ó bá ti tún yọjú. Nípasẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ni NCMEC fi gba ìròyìn tí ó lé ní mílíọ̀nù 36 ní 2023. Ní oṣù Keje 2024, Meta kéde pé òun yọ nǹkan bí 63,000 ojúlé Instagram tí ó wà ní Nàìjíríà kúrò nítorí ìhàlẹ̀ àwòrán ìhòòhò. Àgbà ọkùnrin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń dọdẹ jù, ṣùgbọ́n àwọn kan gbìyànjú rẹ̀ lórí ọmọdé pẹ̀lú. Kò sí òbí tàbí ọlọ́pàá tí ó lè fi ojú ara rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ìtẹ̀ka mọ àwòrán tí ó ti rí rí. Kò mọ èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà lálẹ́ àná. Ẹ̀rọ tí ń ka ọ̀rọ̀ sì mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó mọ Faransé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn tí a fi Nàgó tí kò lámì kọ, tí a fi Faransé lú, yóò kọjá níwájú rẹ̀ bí olè tí ó wọ aṣọ ọdẹ. Àríyànjiyàn tí ó le jù ni ti ọ̀rọ̀ tí a fi àdììtú dì, irú èyí tí WhatsApp ń lò. Apple kéde ní 2021 pé òun yóò máa yẹ àwòrán wò nínú fóònù àwọn oníbàárà òun. Ariwo sọ, ó sì pa ìpinnu náà tì ní 2022. Ní ọdún 2022 yìí kan náà ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù gbé àbá òfin tí ó jọ ọ́ kalẹ̀, ìjà rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tí ń jà fún ọmọ ní ilẹ̀kùn tí a kò lè ṣí ni ibùba ìkà. Ẹni tí ń jà fún àṣírí ní ilẹ̀kùn tí a bá ti ṣí fún ọlọ́pàá, olè náà yóò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn méjèèjì ni ó jẹ̀bi ìlérí àṣejù, kò sì sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn.

Àwọn tí wọ́n ní kí a ti ilẹ̀kùn

Ìmọ̀ yìí rọrùn láti sọ: kí ọmọ má wọlé rárá. Amẹ́ríkà fi ọdún 13 ṣe ààlà gbígba ọ̀rọ̀ àṣírí lọ́wọ́ ọmọ láìgba àṣẹ òbí nínú òfin 1998. Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2023. Ọsirélíà ni ó lọ jìnnà jù, tí ó ka àwọn ojúlé ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ léèwọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 16, láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2025. Ó gbé ẹrù kúrò lórí ọmọ àti ìyá, ó gbé e ru ilé-iṣẹ́, ohun tí ó yẹ ni.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ wa, orúkọ àgbà ni ó máa ń wà lórí káàdì SIM, fóònù kan sì lè jẹ́ ti ènìyàn márùn-ún nínú agboolé. Baba ni ẹ̀rọ rí níbi tí ọmọ jókòó sí. Mo fẹ́ fi kún un pé Bẹ̀nẹ̀ ti dán irú ilẹ̀kùn kan wò rí láìmọ̀ọ́mọ̀, nígbà tí ìjọba fi owó orí franki 5 lé mẹ́gà kọ̀ọ̀kan lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn ní 2018. Àwọn ọ̀dọ́ bínú, a sì fagi lé e ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Ọ̀wọ́n a máa lé òtòṣì jáde lọ́jà. Kì í lé ìkà.

Àwọn tí wọ́n ní kí a kọ́ ọmọ

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Orí èyí ni ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dúró sí ní 2021, nínú àlàyé rẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, pé ẹ̀tọ́ ọmọ láti mọ̀, láti sọ̀rọ̀ àti láti ṣeré tẹ̀ lé e wọ orí ẹ̀rọ. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gbé jáde ní 2024 sì fi ààbò àti ìrónilágbára sínú àkọlé kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ a máa bá ọmọ dé ibi tí odi, òfin àti ẹ̀rọ kò dé. Ṣùgbọ́n Faransé ni èdè ilé-ìwé ní Bẹ̀nẹ̀, ọmọ tí ó sì ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ darí màlúù tàbí ṣa kajú kò ní bá ìwé ìkọ́ni náà pàdé. Rédíò tí ń sọ èdè ìbílẹ̀ láti Parakú súnmọ́ ọn jù. Àwọn alátakò tún ní ẹ̀kọ́ ń sọ ẹni tí a ṣe ní ibi di ẹni tí kò ṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé gbá dànù.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́fà wọ̀nyí tí ó sọ gbangba mọ́ pé tòun nìkan tó. Èyí tí ó kù nílẹ̀ ni ètò wọn. A kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí ẹni ilé bá jẹ́ aṣebi. A kò tíì fẹnu kò lórí àdììtú. A kò tíì mọ ohun tí èèwọ̀ Ọsirélíà yóò bí níbi tí fóònù kì í ti í ṣe ti ẹnìkan. Ní ti ọmọ tí ó di gayman, ìwé òfin méjì ṣì ń fà á lọ́wọ́ lọ́tùn-ún lósì, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú sì ń bẹ̀rù àtifi orúkọ wọn tì í lẹ́yìn.

Ìmọ̀ fúnra rẹ̀ ṣì jìnnà sí wa pẹ̀lú. Ìwádìí Disrupting Harm tí a mẹ́nu bà lókè, Kẹ́ńyà, Uganda, Tanzania, Ethiopia, Mozambique, Namibia àti South Africa ni ó bẹ̀ wò ní Áfíríkà nígbà àkọ́kọ́. Nínú orílẹ̀-èdè 13 náà, kò sí ẹyọ kan tí ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.